Àbọ̀ ìkẹyìn lórí àpótí tí ń bo àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí ìbéèrè mi nípa AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya àwòrán ilé: àpótí kékeré kan ń yọjú nínú rẹ̀ láti sọ àwọ̀ ìlà ògiri fún mi nígbàkúùgbà tí mo bá gbé atọ́ka lé ìlà náà, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ya ìlà náà, mo sì fẹ́ pa á. Ó ti yanjú: mo tẹ ROLLOVERTIPS, orúkọ ìṣètò tí ń darí àpótí náà, mo fi 0 sí i láti pa á. Ní ti ìlà tí ń tàn yòò kí a tó yàn án, ìṣètò mìíràn, SELECTIONPREVIEW, ni ó ń darí rẹ̀. 0 ń pa á pátápátá, ṣùgbọ́n 2 ni mo fi sí i, kí ó lè máa tàn kìkì nígbà tí àṣẹ bíi ERASE (èyí tí ń pa ìlà rẹ́) bá ní kí a yan nǹkan. Níbi tí ìlà méjì ti fara kanra, ó wúlò gan-an, torí ó ń fi èyí tí a fẹ́ yàn hàn. Ìbéèrè mi parí síbí.