Táyà ẹ̀yìn ba ìdíje mi jẹ́: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin àgbà nínú eré-ìje kẹ̀kẹ́ orí òkè, mo kí yín. Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní Fort William, lẹ́sẹ̀ òkè Ben Nevis ní Scotland, òkúta mímú gé táyà ẹ̀yìn mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó dé ìdajì ọ̀nà. Oje tí a ń dà sínú táyà tí kò ní tíúbù kò lè dí i, ẹsẹ̀ ni mo fi sọ̀kalẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ọjọ́ méjì tí èmi àti ìyàwó mi lò ní àfonífojì Glencoe tù mí lára, síbẹ̀ ọkàn mi ṣì wà lórí ìdíje náà. Ṣé kí n fi kún afẹ́fẹ́ táyà náà, bó tilẹ̀ lè máa yọ̀ lórí òkúta tútù, àbí kí n ra èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n tó wúwo? Ẹ jọ̀wọ́, ìdíje mìíràn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.