Tẹ́ṣàn ní wẹ́fíà, wẹ́fíà ní tẹ́ṣàn: ta ni ká wá lọ bá?

Ará Ṣàgámù: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ìyá kan ládùúgbò wa mú ọmọbìnrin kan wá láti Kútọnu, ọmọ yẹn ò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ, piọ wọ́tà ló ń kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú, bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ti já, okùn ni wọ́n fi so ó. Mo dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, wọ́n ní ó di wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ, wẹ́fíà tún ní kí n padà sí tẹ́ṣàn.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ pe 627, ti NAPTIP nìyẹn, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò. Òfin 2015 lórí kíkó èèyàn ṣòwò ò gbà kí wọ́n fi ọmọ tí ò tíì pé 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ má lọ bá ìyá yẹn jà o, ó lè gbé ọmọ yẹn sá lóru.

Bọ̀dá Ìpẹru: Òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ yìí ò ṣeé dá ṣe, ọlọ́pàá á gba ọmọ sílẹ̀, wẹ́fíà á wá ibi tó máa sùn, NAPTIP á gbé ẹjọ́ lọ kóòtù, tí ọ̀kan ò bá ti sọ fún èkejì, ọmọ á tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kó o wá. Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin sì ti tọwọ́ bọ̀wé láti 2005 pé àwọn á jọ gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò!

Ará Ṣàgámù: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ti gba àdírẹ́sì.