Kí ló ń mú kí eyín máa kan nígbà tí kò sí ihò kankan lára rẹ̀?

Adùkẹ́, Súrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí eyín mi ti ń kan, pàápàá àwọn tó wà lókè lápá òsì, nígbàkígbà tí mo bá mu píọ̀ wọ́tà tó tutù dáadáa tàbí tí mo bá jẹ agbálùmọ̀. Ìrora náà a máa mú gan-an, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé omi náà mì, ó ti lọ nìyẹn. Mo yẹ ẹnu mi wò nínú dígí, n kò rí ihò, n kò sì rí ibi tó dúdú. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń fọ eyín, búrọ́ọ̀ṣì líle ni mo sì ń lò kí ó lè mọ́. Ṣé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ tí ojú mi kò tó ni?

Bàbá Ìbejì, Mushin:
Ẹ pa búrọ́ọ̀ṣì tì. Ẹ wá orín àtà tó dára, kí ẹ máa fi iyọ̀ àti èédú lílọ̀ kún un. Ohun tí àwọn bàbá wa lò nìyẹn.

Dókítà eléyín, Yábàá:
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun. Orín kò burú bí a bá rún ẹnu rẹ̀ títí tó fi rọ̀, tí a sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lò ó. Èédú àti iyọ̀ ni n kò lè fọwọ́ sí, nítorí pé wọ́n a máa ha eyín, àwa sì rèé níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ eyín tó ṣeé ṣe kí híha ti kó bá.

Ìpele òde eyín, èyí tó funfun, ló le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn, kì í sì í mọ ìrora. Abẹ́ rẹ̀ ni dentin wà, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, tó kún fún àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí omi wà nínú wọn, tí wọ́n sì lọ títí dé ibi tí iṣan ìmọ̀lára wà láàárín eyín. Bí dentin bá hàn síta, òtútù, ooru, adùn, ohun kíkan, àní afẹ́fẹ́ lásán, a máa mú kí omi inú àwọn ihò yìí sún, iṣan a sì gbọ́ ọ bí ìrora. Brännström, ará Sweden, ló fìdí àlàyé yìí múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì dì mú.

Ohun tó ń ṣí dentin sílẹ̀ ni kí ẹ wá. Ìpele líle yẹn kò dé ara gbòǹgbò, nítorí náà bí èrìgì bá ti sún kúrò nídìí eyín, yálà nítorí àìsàn èrìgì tàbí nítorí ọwọ́ líle, ibẹ̀ di ìhòòhò. Ohun kíkan náà a máa jẹ ìpele líle yẹn: agbálùmọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, ẹlẹ́rìndòdò, àti èébì àwọn aboyún. Bí ohun kíkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan eyín, ojú rẹ̀ a rọ̀ fúngbà díẹ̀, ẹni tó bá sì sáré fọ̀ ọ́ lákòókò náà ń gbá a dànù ni. Ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ dúró tó wákàtí kan.

Adùkẹ́, búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fọ eyín sábà máa ń tẹ apá òsì jù. Ẹ wo etí èrìgì níbẹ̀ bóyá eyín ti gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tí ìdí rẹ̀ sì pọ́n.

Adùkẹ́, Súrùlérè:
Ó gùn jù lóòótọ́, ẹ̀yin Dókítà. Ṣé èrìgì náà yóò padà sáyè rẹ̀?

Dókítà eléyín, Yábàá:
Kì í dá padà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora náà ṣeé mú rọlẹ̀. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ sì wo ara páálí ọṣẹ ìfọyín fún potassium nitrate, tó ń mú kí iṣan dákẹ́, tàbí stannous fluoride, tó ń dí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú dentin náà. Bí ẹ bá fọ̀ tán, ẹ tu ú dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu. Ó tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ẹ tó mọ ìyàtọ̀. Bí ìrora bá ń pẹ́ lẹ́yìn tí omi tútù ti lọ, tó ń jí yín lóru, tàbí tó ń ta yín nígbà tí ẹ bá ń fi eyín náà rún nǹkan, ó lè jẹ́ pé eyín ti là tàbí pé ó ti ń jẹrà nínú. Ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, ẹ má fi ọṣẹ tì í.