Báwo ni mo ṣe lè mú ọkàn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùkọ́. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ni mí ní Abẹ́òkúta. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35, ṣùgbọ́n ọmọ 62 ló wà níwájú olùkọ́ kíláàsì kẹrin wa, ẹni tí ìgbéga rẹ̀ ti falẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó sì ń wọ ọkọ̀ méjì láti Láfẹ́nwá kó tó dé ẹnu iṣẹ́. N kò lè fi ọkàn líle bá a wí. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ló ń jìyà rẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka ìpínrọ̀ kan já, nígbà tí àwọn ti kíláàsì kẹta, tí olùkọ́ tiwọn ṣì ń fìfẹ́ ṣiṣẹ́, ń kà á geerege.

Mo ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì nípa ìgbéga náà. Mo yìn ín níwájú àwọn òbí. Orí rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún rẹ̀ ẹ́.

Kí ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò láṣẹ lórí owó oṣù tàbí ìgbéga lè ṣe, tí yóò ta irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ jí, tí yóò sì hàn nínú ìwé kíkà àwọn ọmọ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.