Wákàtí 24 ti tán lórí RouterOS mi, iṣẹ́ ò sì tíì parí

Oníbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń kọ ètò kékeré kan ní Python tí yóò máa ṣe voucher Wi-Fi fún họ́sítẹ́ẹ̀lì tí bọ̀ọ̀dá mi ń bójú tó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ráútà MikroTik ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, torí ojoojúmọ́ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí ẹ̀. Mo bá gbé RouterOS, ètò tó ń darí ráútà MikroTik, irú ti x86 tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà lásán, sórí VirtualBox, ètò tó ń dá ẹ̀rọ àfarawé sínú láptọ́ọ̀pù. Mo tan án sílẹ̀ mọ́jú, ó ní wákàtí 24 òun ti pé, kí n mú kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì wá. RAM 4GB péré ló wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Kí ni kí n ṣe?

Àlàó Wáyà: Kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Wá bá mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Ráútà: Àlàó, má kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ kọ́kọ́rọ́ jíjí yẹn, ṣé ìwọ ni wọ́n máa pè?

Àbúrò, wákàtí 24 yẹn kì í kà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa. Títàn tó o tan án mọ́jú ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n x86 gan-an kọ́ ló yẹ kó o gbé. CHR (Cloud Hosted Router) ni, RouterOS tí wọ́n ṣe fún irú VirtualBox yẹn. Ọ̀fẹ́ ni, kò lọ́jọ́ tó ń tán, gbogbo iṣẹ́ RouterOS ló sì wà nínú ẹ̀, àfi pé ohun tó ń gba interface (ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kọ̀ọ̀kan jáde kò lè kọjá 1Mbps. Ta ló fẹ́ wo fídíò lórí ẹ̀rọ ìdánwò? RAM 256MB tó o.

Tó o bá wá fẹ́ mọ bó ṣe ń sáré sí, ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ MikroTik, wọ́n á fún ẹ ní ọjọ́ 60 láti fi dán láísẹ́ǹsì olówó wò. Má tíì fọwọ́ kan ìyẹn o. Parí kóòdù ẹ ná, kí ọjọ́ má baà jó dànù.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. CHR ti dìde. Ṣùgbọ́n mo fi POST ránṣẹ́ sí /rest/ip/hotspot/user (REST, ọ̀nà orí wẹ́ẹ̀bù tí ètò fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀) kí n lè dá voucher kan, ó kọ̀ jálẹ̀.

Bàbá Kébù: PUT ni wọ́n fi ń dá nǹkan tuntun níbẹ̀. POST wà fún pípa àṣẹ, PATCH fún àtúnṣe. Odindi òru kan lèmi fi jìyà ẹ̀. Ẹ̀yà 7 nìkan ló sì ní REST o. Tí ti bọ̀ọ̀dá ẹ bá ṣì wà lórí ẹ̀yà 6, API àtijọ́ (ọ̀nà tí ètò fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀ kí REST tó dé) lo máa lò, pọ́ọ̀tù 8728. Bi wọ́n kó o tó kọ ìlà míì.

Oníbéèrè: Yéè! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n ni. Ẹ̀yà 6 ni.

Bàbá Kébù: Pẹ̀lẹ́. CHR ti ẹ̀yà 6 náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó o ní.

Àlàó Wáyà: Ibo lẹ ti ń gba CHR yìí ná?

Ìyá Ráútà: Lórí ìkànnì MikroTik fúnra wọn, níbi tó o ti ń gba Winbox, ètò tí wọ́n fi ń ṣètò ráútà wọn. Ó ti wà níwájú ẹ látọjọ́ yìí.