Ẹ̀bùn ọdún fún ẹbí láti inú ìgékù aṣọ, àpò ìrẹsì àti páálí ẹyin

Ìyàwó Ilé, Òkè-Fìà (ìbéèrè):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún ń bọ̀, gbogbo ẹbí ọkọ mi yóò sì péjọ sí ilé wa ní Òṣogbo gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Owó tí a fi ń ra ẹ̀bùn tẹ́lẹ̀ ti di owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àpò ńlá kan wà ní yàrá mi tí ó kún fún ìgékù aṣọ. Àǹkárá aṣọ ẹbí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, títí kan èyí tí a fi ṣe òkú bàbá ọkọ mi. Àpò ìrẹsì wà, páálí ẹyin wà, aṣọ ìbùsùn funfun tí ó ti ṣá wà, àjókù àbẹ́là náà sì wà. Mo mọ abẹ́rẹ́ lò, mo sì ní ẹ̀rọ ìránṣọ aláfọwọ́yí. Kí ni mo lè fi wọ̀nyí ṣe fún ìyá ọkọ mi, fún àwọn ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún àwọn ọmọdé? Ohun tí ó ń kọ mí lóminú jù ni kí ìyá má baà rò pé àkísà ni mo dì fún wọn.

Ìyá Aránṣọ, Ìgbọ̀nà:

Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ó wúwo jù. Aṣọ òkú bàbá tí o dárúkọ yẹn kò lè jẹ́ àkísà lójú obìnrin tí ó wọ aṣọ náà sin ọkọ rẹ̀. Fi ìgékù rẹ̀ ṣe àárín iṣẹ́, kí o fi ti ìgbéyàwó àti ti ìkómọjáde tí ẹ ti rán yí i ká, kí o sì rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ ìbora. Ẹni tí ó bá ti wo ẹ̀kú egúngún dáadáa yóò ti rí i pé aṣọ oríṣiríṣi ni a tò lé ara wọn níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé sì ń fi tuntun kún un bí ọdún ti ń gorí ọdún. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní iṣẹ́ ahun.

Fọ gbogbo ìgékù náà kí o tó gé wọn, nítorí àǹkárá tuntun a máa súnkì, òmíràn a sì máa ṣí àwọ̀ sára èkejì. Yọ léèsì àti pọlisítà kúrò láàárín wọn, torí pé áyọ́ọ̀nù tí ó gbóná tó fún àǹkárá lè yọ́ pọlisítà. Fi páálí líle gé òṣùwọ̀n onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, kí o máa fi wọn gbogbo wọn, kí o sì fi ìdá mẹ́rin ínṣì sílẹ̀ fún ìránpọ̀ ní ìhà gbogbo, tí ó fi jẹ́ pé ínṣì 5 ààbọ̀ ni yóò hàn síta. Tí o bá to 12 ní ìbú àti 15 ní gígùn, ìbora náà yóò fẹ̀ tó ínṣì 66, yóò sì gùn ju ínṣì 82 lọ, èyí tí ó tó àgbàlagbà bò dáadáa. Rán ìlà kọ̀ọ̀kan parí ná kí o tó so ìlà mọ́ ìlà, kí o sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán rẹ̀ kí o tó kan òmíràn. Aṣọ ìbùsùn funfun yẹn ni kí o fi tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí 180 ègé bá pọ̀ jù fún àkókò tí ó kù, ègé 9 péré tó fún ojú ìrọ̀rí kan, kí o sì kó àwọn péńpé tí kò ṣeé gé mọ́ sínú rẹ̀ dípò fóòmù.

Fún àwọn ìyàwó ẹlẹgbẹ́ rẹ, àpò ìrẹsì ni kí o fi rán báàgì ọjà. Àpò náà lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ike ni wọ́n fi hun ún: etí rẹ̀ a máa tú, áyọ́ọ̀nù kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ṣẹ́ etí náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó rán an, fi àǹkárá tẹ́ inú rẹ̀, kí o sì mú ọwọ́ rẹ̀ láti ara sòkòtò jíìnsì àlòkù, kí ọwọ́ náà dé ìsàlẹ̀ báàgì kí ó tó yí padà sókè, torí pé ọwọ́ tí a kàn rán mọ́ ẹnu báàgì nìkan ni iṣu máa ń já.

Aláró Ọjà-Ọba:

Ìyá ti parí ọ̀rọ̀ lórí rírán. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ funfun tí ó ti ṣá yẹn, nítorí pé Òṣogbo ìlú aró ni a wà, kò sì yẹ kí aṣọ ṣá mọ́ wa lọ́wọ́ títí a ó fi sọ ọ́ nù. Kọ́kọ́ fa fọ́nrán rẹ̀ kan yọ, kí ẹ fi iná kàn án. Bí ó bá jẹ́ òwú, yóò rùn bí ìwé tí ń jóná, yóò sì di eérú rírọ̀. Bí ó bá jẹ́ pọlisítà, yóò yọ́, yóò sì le bí ike nígbà tí ó bá tutù. Òwú nìkan ni kí ẹ dáwọ́ lé, nítorí aró kì í mú pọlisítà.

Àdìrẹ oníko ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀: ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àgbàdo gbígbẹ sábẹ́ aṣọ, kí ẹ sì fi okùn ìko tàbí okùn ọ̀rá àlòkù so ó le dan-in dan-in. Ibi tí okùn bá dì ni yóò dúró ní funfun. Bí ọwọ́ yín bá mọ àwòrán yà, ẹ po ẹ̀kọ láfún, kí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Èyí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àjókù àbẹ́là náà wúlò fún bàtíìkì, ìyẹn aṣọ tí a fi ìda yíyọ́ ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́, ṣùgbọ́n inú agolo tí ó dúró sínú omi gbígbóná ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kì í ṣe lórí iná gan-an, bí ó bá sì gbiná, ìdérí ni kí ẹ fi pa á, kí ẹ má ṣe da omi sí i.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ so ó nílé, kí ẹ sì gbé e wá fún aláró láti rẹ. Kọ́sítíìkì tí a ń dà sínú aró lóde òní a máa bó ènìyàn lára, a sì máa jẹ abọ́ alumíníọ̀mù. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó lo ike tí a kò ní fi ṣe oúnjẹ mọ́, kí ó sì máa da kọ́sítíìkì sínú omi, kí ó má ṣe da omi sórí kọ́sítíìkì láé. Bí ọmọ kan nínú ẹbí bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ibùdó tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983 jẹ́ ibi tí a ti ń kọ́ àdìrẹ àti bàtíìkì.

Olùkọ́, Òkè-Baálẹ̀:

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni tèmi. Páálí ẹyin tí ó ń gba 30 ní ihò 6 ní ìhà kan àti 5 ní ìhà kejì. Bí ẹ bá gé ìlà méjì tí ó ní ihò mẹ́fà-mẹ́fà, ihò 12 ti pé, ọpọ́n ayò ti dé nìyẹn. Páálí kan yóò sì fún yín ní ọpọ́n méjì. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ọn ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, tinú-tòde, kí ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi le, kí àwọn ọmọ sì fi ọ̀dà tí ó ṣẹ́ kù kùn ún. Ọmọ ayò 48 ni ọpọ́n kan ń fẹ́, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kóró àgbálùmọ̀ tí a fọ̀ tí a sì sá gbẹ sì dára fún un, nítorí pé ó ń dán, kì í sì í fọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀bùn yìí ju ohun ìṣeré olówó lọ, torí pé bàbá àgbà yóò jókòó tì í pẹ̀lú ọmọ, ọmọ yóò sì mọ ìṣirò níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ó má baà gbé kóró mì. Ọmọláńgidi aláṣọ tí a kó péńpé sínú rẹ̀ ni kí ẹ rán fún irú wọn, kí ẹ fi òwú ṣe ojú rẹ̀, kí ẹ má ṣe fi bọ́tìnnì ṣe é.

Ìyàwó Ilé, Òkè-Fìà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìbora ni n ó ṣe fún ìyá, n ó sì gbé aṣọ funfun náà lọ rẹ kí n tó fi tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgékù aṣọ òkú bàbá kò tó ègé 10. Ṣé kí n tò ó káàkiri ni, àbí kí n kó o pọ̀ sójú kan?

Ìyá Aránṣọ, Ìgbọ̀nà:

Kó o pọ̀ sójú kan, ìyàwó wa. Ègé 9 yóò di onígun mẹ́rin kan ní àárín, tí ìyá yóò rí ní kété tí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Bí aláró bá ti rẹ aṣọ funfun náà tán, kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ràn mọ́ àǹkárá.