Servo tí ń yí láìdúró: táyà òsì kò gbà láti dúró

Ìbéèrè (láti Ìsánlú)

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà ní iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì lẹ́yìn ilé ìwé, a sì ti fi pákó pẹlẹbẹ kan ṣe ọkọ̀ kékeré tí táyà rẹ̀ méjèèjì wà lórí servo (mọ́tò kékeré tí àmì iná ń darí) irú èyí tí ń yí láìdúró, tí Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, sì ń darí wọn. Bí mo bá kọ àṣẹ write(90) fún wọn, èyí tí gbogbo ènìyàn sọ pé ó túmọ̀ sí ìdádúró, táyà ọ̀tún á dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ti òsì á máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Bí mo bá ní kí méjèèjì lọ síwájú, ọkọ̀ náà á máa tẹ̀ sí apá kan, nígbà mìíràn Uno fúnra rẹ̀ á kú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi ní servo òsì ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn (láti Kàbà)

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, nítorí ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kì í ṣe ìbàjẹ́.

Servo lásán, irú SG90 tí ó wọ́pọ̀, ní ohun ìwọ̀n kan nínú tí ń sọ fún un ibi tí ọ̀pá rẹ̀ dé. Bí ẹ bá rán an sí igun kan, á fi ibi tí ó wà wé ibi tí ẹ rán an, á sì máa yí títí méjèèjì yóò fi bára mu. Nínú èyí tí ń yí láìdúró, wọ́n ti já ohun ìwọ̀n yẹn kúrò lára ọ̀pá, wọ́n dè é mọ́ àárín, wọ́n sì yọ ohun tí ń dá jíà rẹ̀ dúró. Láti ìgbà náà, àárín ni ó gbà pé òun wà nígbà gbogbo. Bí ẹ bá rán an sí àárín, á dúró. Bí ẹ bá rán an sí ibòmíràn, á máa lọ, kò sì ní dé láéláé. Nítorí náà, eré ni ẹ ń kọ sí i, kì í ṣe igun.

Servo ń gba àmì iná kúkúrú kan ní ìgbà 50 láàrin sẹ́kọ́ńdì kan, àmì tí ó gùn tó máíkírósẹ́kọ́ńdì (ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì kan) 1,500 ni àárín. Servo.h, àkójọ àṣẹ tí Arduino fi ń darí servo, fi 544 ṣe 0, ó fi 2,400 ṣe 180, nítorí náà 90 rẹ̀ ń já sí 1,472. Ẹ lo writeMicroseconds(1500) dípò rẹ̀. Bí ihò kékeré bá wà lára servo náà, ẹ jẹ́ kí ó máa gba 1,500, kí ẹ fi súkúrù-díráfà tín-ín-rín yí ohun tó wà nínú ihò náà pẹ̀lú sùúrù. Lára tèmi, ìyípo tí kò tó ìbú èékánná ni ó mú kí ìkùn rẹ̀ dákẹ́ pátápátá.

Ìdáhùn (láti Mọ́pà)

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n Kàbà sọ. Ní ti Uno tí ń kú, iná ni kò tó o: ìgbà tí servo méjì bá fẹ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń fa iná jù, bí wọ́n bá sì ń jẹun láti ibi kan náà pẹ̀lú Uno, wọn á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fún wọn ní bátìrì tiwọn. AA mẹ́rin ń fúnni ní fólítì 6, àwọn tí a ń sájì ń fúnni ní 4.8, ọ̀pọ̀ servo kékeré sì gba méjèèjì. Ẹ má gbàgbé láti so wáyà odi bátìrì náà mọ́ GND (ojú odi) ti Uno, nítorí bí kò bá sí i, servo kò ní mọ ohun tí àmì náà ń sọ.

Ní ti títẹ̀, servo méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, nítorí náà bí ọ̀kan bá gba 1,600, èkejì gbọ́dọ̀ gba 1,400 kí wọ́n tó lè jọ lọ síwájú. Kò sì sí méjì tí eré wọn dọ́gba. Ní ọ̀pọ̀ wọn, kété tí ẹ bá ti kọjá 1,300 tàbí 1,700, eré kò tún ní pọ̀ sí i mọ́, nítorí náà ẹ dúró sáàárín méjèèjì, kí ẹ sì máa fi 5 tàbí 10 sún nọ́ńbà èyí tí ó yá jù mọ́ 1,500.

Ìdáhùn (láti Lọ́kọ́jà)

Èmi máa ń lo detach(), àṣẹ tí ń dá àmì náà dúró, bí mo bá fẹ́ kí servo dúró, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn á dákẹ́ bí àmì kò bá wọlé mọ́. Àmọ́ ẹ má fi ìṣẹ́jú-àáyá kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe wọn ọ̀nà, nítorí bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, eré náà á yí padà. Ohun tí ń ka ìyípo táyà ni ó yẹ.

Olùbéèrè (láti Ìsánlú)

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kò sí ihò lára ti òsì wa, nítorí náà nọ́ńbà ni a wá: ọmọ kan ń yí i ní méjì méjì, àwọn yòókù tẹ́tí sí i, 1,484 ni ó sì dákẹ́. A ti fún un ní AA mẹ́rin, Uno kò kú mọ́. Lórí sìmẹ́ńtì kíláàsì, ó rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi pátákó, ó fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan péré yà.